Ẹ̀yìn Káàdì

Oníbàárà á wọlé, á ní, "Èló ni?"
Ọ̀gá mi Làmídì kì í dárúkọ owó.
Á fa àga fún un,
á fi kẹrosíìnì nu tàdáwà kúrò lọ́wọ́,
á ní: "Mélòó lo fẹ́?
Orí kí ni yóò jókòó sí?
Kí ni yóò máa kàn án,
omi ni, epo ni, oòrùn ni, àbí ọwọ́?"
Àwọn mìíràn a bínú jáde.
Atẹ̀wé kò kúkú wọ́n lójú ọ̀nà Sítéṣọ̀n.

Èmi, ojú ń kán mi nígbà náà.
Ọdún kejì tí mo ń kọ́ṣẹ́,
ọ̀gá lọ ra pílétì ní Ìbàdàn,
Ìyá Rálíátù wá láti Òkè-Baálẹ̀,
ó fẹ́ kí orúkọ òun hàn lára ọ̀rá
tí òun ń di ọṣẹ dúdú sí.
N kò béèrè nǹkan kan.
Tàdáwà bébà ni mo fi tẹ ọ̀rá.
Ó dán, ó wu ojú, mo gbowó.
Lọ́jọ́ kẹta ó padà dé,
ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí mi níwájú:
orúkọ rẹ̀ ti ṣí kúrò lára ọ̀rá,
ó ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí aró.
"Ṣé ara mi ni mo ní kí o tẹ̀ ẹ́ sí?"

Ọ̀gá kò nà mí. Ó ní, "Ìlú aró la wà.
Aláró tí kò wo irú aṣọ kó tó rì í,
omi ìkòkò ló ń bà jẹ́ lásán."

Látìgbà náà, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó:
ìwé ìpè ọgọ́ta, gbé e fún kọ̀ǹpútà,
má torí ọgọ́ta sun pílétì mẹ́rin,
ta ní ń pa màlúù torí àlejò kan?
Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún márùn-ún káàdì ilé-ìwé,
ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ló ni ín:
ẹ̀dà àkọ́kọ́ wọ́n bí imí eégún,
ẹ̀dà tó kẹ́yìn, owó gúgúrú.
Fìlà àti báàgì, sikiríìnì ni.
Fa tàdáwà náà lẹ́ẹ̀kan, má fà á lẹ́ẹ̀mejì.
(Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì rí. Àádọ́ta fìlà.
Ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.)

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ kan wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù,
irin dúdú, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.
Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti ná an lẹ́ẹ̀mẹta.
Nọ́ńbà rìsíìtì nìkan la fi ń tẹ̀.
Ọ̀gá ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀."

Ọjọ́ Àlàmísì ni ọ̀gá kú.
Fídáù di ọjọ́ kẹjọ. Káàdì ogójì.
Gbogbo ẹnu ló ní kọ̀ǹpútà,
ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí.
Èmi náà ti tan án, mo ti ń to bébà,
ni ìbéèrè rẹ̀ bá dé etí mi:
kí ni yóò máa kàn án?

Ìyá Sìfáwù, ìyàwó rẹ̀,
ojú rẹ̀ ti lọ láti ọdún mẹ́fà.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣa lẹ́tà òjé nínú àpótí,
lódì-lódì, láìwò ó,
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Mo fa àpótí náà jáde. Aláǹgbá ti yé síbẹ̀.
S tó wà nínú Òṣogbo kò ní àmì abẹ́;
abẹ́rẹ́ ni mo fi fún un,
lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé ogójì.
Òru méjì. Itan ń ro mí.
Iná kò sí, ẹ̀rọ náà kò sì béèrè iná.

Mo gbé ti Ìyá Sìfáwù lé e lọ́wọ́.
Ó fọwọ́ pa ojú káàdì, kò sọ nǹkan.
Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀.
Lẹ́yìn, níbi tí òjé ti ti bébà jáde,
àwọn lẹ́tà yọrí, wọ́n yíjú sódì,
bí wọ́n ṣe máa ń wà nínú àpótí gan-an.
Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún:
L, À, M, Í.
Ó dúró lórí D.
"Ó tẹ̀ jù níbí," ló wí.
"Yọ bébà kan lábẹ́ rẹ̀ nígbà míì."